Ìgbà Tí Mo Di Mísítà Wílísìn

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ dàgbà débi tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ yẹn ni àwọn òbí ní ilé ìwé ọmọ mi fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò wá ọ̀daràn kan jáde. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún ni wọ́n yàn mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì jókòó. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé èmi gan-an ni ọ̀daràn náà, mi ò sì tíì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ràn ìtàn tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín.

Télọ̀ ni mí ní Baruwa. Aṣọ obìnrin àti yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà níwájú ilé tí a háyà. Tépù ti wọ̀ mí lára débi pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ó tó ni, àbí kò tó. Ọkọ mi, tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà, máa ń sọ pé bí mo bá ń gbàdúrà, mo máa ń júwe ilé wa fún Ọlọ́run kí ìbùkún má baà yà sí ilé kejì. Kò purọ́. Wọn ò tíì kọ nọ́ńbà sára ilé wa nígbà náà.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Fèyíṣayọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ́ kó tó ti ilé ìwé dé, mo ti wà lójú títì. Bó bá sín lẹ́ẹ̀mejì, omi gbígbóná ti wà lórí iná. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kó ìdààmú bá mi jù ni èdè Gẹ̀ẹ́sì. Fèyí mọ ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ní kó dìde kó ka Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tí wọ́n fi òwú gán ètè rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ kan ló kàwé sókè ní kíláàsì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà, ó parí. Èmi sì mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń já sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni Gẹ̀ẹ́sì gbé mi ṣubú. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ìránṣọ mi o, àmọ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kejì, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tuntun dé, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mísì Rónkẹ́. Ó pe àwa òbí jọ, ó ní òun ti ṣí búlọ́ọ̀gù kan fún kíláàsì àwọn ọmọ wa. Ó ṣàlàyé pé ojú ewé kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò máa gbé ìtàn kékeré nípa ilé rẹ̀ sí ní ọjọọjọ́ Ẹtì, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹgbẹ́ wọn, àti àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Àgbàdo, yóò kà á, wọn yóò sì kọ ohun kan tí wọ́n fẹ́ràn àti ìbéèrè kan sábẹ́ rẹ̀. Wọn ò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì ní sí bírò pupa. Ó ní ọmọ tó mọ̀ pé tíṣà nìkan ló máa ka iṣẹ́ òun, máàkì ló ń kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀ pé ẹnì kan ń retí òun, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti máa kọ ọ́ wá.

"Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ ẹ̀yin òbí wa," ó ní. "Ẹ máa kà á, ṣùgbọ́n ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Bí òbí bá ti dá sí i, ọmọ ò ní sọ òótọ́ inú ẹ̀ mọ́."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo tún fa ìlà sí i nídìí.

Lẹ́yìn náà ni mo na ọwọ́ sókè. Ìbéèrè mọ́kànlá ni mo bi í. Ta ló tún lè rí ojú ewé náà? Ṣé ẹnì kan lè tibẹ̀ mọ ilé wa? Bí àjèjì bá wọlé ńkọ́? Mísì Rónkẹ́ dáhùn mẹ́sàn-án. Nítorí méjì tó kù, mo délé, mo ní Fèyí ò ní bá wọn ṣe. Ọkọ mi wò mí, ó ní, "Ọmọ fẹ́ kọ nǹkan tí ènìyàn máa kà, ìwọ ń bẹ̀rù pé ènìyàn máa kà á. Ṣé inú dúrọ́ọ̀ ló máa wá kọ ọ́ sí ni?" Mo ronú sí i. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo là á kalẹ̀ pé fóònù mi ni yóò lò, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, níṣojú mi, láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Ìtàn tó kọ́kọ́ kọ, agolo bọ́tìnnì mi ló dá lé. Ìlà mẹ́fà péré ni. Ó ní agolo náà máa ń dún bí òjò tí òun bá mì í. Mo kà á, inú mi dùn, nítorí ogún ọdún tí mo ti ń mi agolo yẹn, mi ò mọ̀ pé òjò ni.

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù ń rí ọ̀rọ̀ márùn-ún, méje. Fèyí yẹ̀ ẹ́ wò ní Sátidé, ó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ajé. Kò sunkún. Ì bá sàn ká ní ó sunkún. Ó kàn na fóònù sí mi, ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì," bí ẹni tó ń dá abọ́ òfìfo padà.

Ṣé kí n wá jókòó lásán? Mo rántí òfin, mo ti fa ìlà sí i nídìí. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé kí òbí má kọ ọ́. Kò sọ pé kí ẹlòmíràn má kọ ọ́. Bí Fèyí ṣe wọlé lọ jẹun ni mo ṣí orúkọ tuntun lórí búlọ́ọ̀gù náà. Wọ́n ní kí n fi orúkọ sí i, mo fi Mísítà Wílísìn, nítorí ó dún bí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí n fi àwòrán sí i. Mo wò yíká. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri lókè máṣíìnì mi, ti ọdún tó kọjá ni, ẹni tó ń ta aṣọ kóòtù ló fún mi, mi ò sì já a kúrò torí àwọn sítáì tó wà nínú rẹ̀. Òyìnbó àgbàlagbà kan ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, irun rẹ̀ funfun báláú. Mo ya òyìnbó náà ní fọ́tò. Bí mo ṣe di bàbá arúgbó nìyẹn, nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ Mísítà Wílísìn kì í yá. Inú ìwé ọmọléèwé kan ni mo ti máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́, pẹ̀lú déètì àti aago, kí n tó wá àwọn ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Gbogbo ojú ewé lẹ́tà A ti já kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà Mísítà Wílísìn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Ogójì ìṣẹ́jú ni ìlà méjì àkọ́kọ́ gbà mí. Mo ní mo fẹ́ràn òjò inú agolo náà, mo sì béèrè pé, bọ́tìnnì mélòó ló wà nínú rẹ̀?

Nígbà tí Fèyí rí i lọ́jọ́ kejì, ó wo fóònù náà pẹ́. Ó gbójú sókè, ó tún wo fóònù. Ó wá bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó da agolo bọ́tìnnì mi sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Òjìlénírinwó ó lé mẹ́ta. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó kọ ìlà mẹ́tàdínlógún nípa wọn, àwọn tó dá wà àti àwọn tó ní ẹgbẹ́. Ó ń bi mí ní orúkọ àwọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì bí mo ṣe ń rán aṣọ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Mísì Rónkẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé Fèyí dìde ní kíláàsì, ó kà á sókè, ó sì kà á tán. Mo fi orí lé máṣíìnì, mo sunkún.

Ibi tó yẹ kí n dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yòókù rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sábẹ́ ìtàn ara wọn pé, ẹ jọ̀ọ́, Mísítà Wílísìn, ẹ ka tiwa náà. Ọmọ mọ́kàndínlógún. Ta ni màá kà tí màá fi ẹnì kan sílẹ̀? Ìyá ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbogbo wọn lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn, Kúnlé, kì í kọ nǹkan mìíràn ju bọ́ọ̀lù lọ, Mísítà Wílísìn sì ní láti bi í léèrè pé kí ni wọ́n ń pè ní ofusáìdì. Ọmọ náà fi ojú ewé méjì ṣàlàyé. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Láàárín ìyẹn, mo rán búláòsì fún oníbàárà mi kan, Màmá Ṣadé, mo fi apá òsì méjì sí i. Ó wọ̀ ọ́ níwájú dígí, ó ní, "Ìyá Fèyí, ṣé èmi ni mo wọ́, àbí aṣọ yìí ni?" Mo ní ẹ fi sílẹ̀ títí di ọjọ́rú.

Ọ̀sẹ̀ kan ni Fèyí kọ̀wé nípa ìyá ọkọ mi, tó kú lọ́dún tó kọjá. Ó kọ bí ìyá àgbà ṣe máa ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ tirẹ̀ bí òtútù bá mú. Ó ní orúkọ kan wà tí ìyá àgbà fi ń jí òun láràárọ̀, pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n nílé ìwé, òun ò sì ní kọ ọ́ síbẹ̀, torí ti òun nìkan ni. Omi bọ́ lójú mi sórí aṣọ oníbàárà. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mú ìwé, mi ò wo atúmọ̀ èdè. Mo kọ ọ́ tààrà pé ìyá rẹ àgbà ń gbọ́ ọ. Ẹ sì mọ̀ bó ṣe ń rí. Tí ọ̀rọ̀ ọmọ bá wọni lára, oríkì ọmọ náà ò dúró kí wọ́n pè é kó tó jáde. Mo fi parí ọ̀rọ̀ mi: Àṣàbí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Mo padà sídìí aṣọ mi.

Ní ọjọ́rú, Mísì Rónkẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo òbí pé ìpàdé pàjáwìrì wà ní Sátidé, aago mẹ́wàá. Ẹnì kan ti wọ inú ojú ewé àwọn ọmọ, ó ń ṣe bí ẹni tí kì í ṣe. Ara mi bù máṣọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé, ṣé o rí i? Mo sọ ọ́, o ò gbọ́. Mo kọ ìbéèrè mẹ́rìnlá sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, láti ìdí máṣíìnì ni mo ti dìde lọ síbẹ̀, tépù ṣì wà lọ́rùn mi.

Orí àga àwọn ọmọ ni wọ́n fún wa pọ̀ sí. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé gbàdúrà, ó ní ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí burú. Kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ti dìde. Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ẹni tó bá fara pa mọ́ láti máa bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀, kò yẹ kó sùn sílé rẹ̀. Mo ní kí a wá a dé ibi tó bá wà, kí a sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Kúnlé, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kò sí ẹlòmíràn tó yẹ ní alága ju Ìyá Fèyí lọ, obìnrin tó fi ojú ewé mẹ́ta kọ lẹ́tà lórí aago tí wọ́n ń ti géètì. Bí wọ́n ṣe yàn mí nìyẹn.

Ìgbà náà ni Mísì Rónkẹ́ gbé bébà ńlá kan sókè. Òyìnbó mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú irun funfun báláú.

Mo rọra ti ìwé tí mo kọ ìbéèrè mẹ́rìnlá mi sí bọ inú báàgì. Mísì Rónkẹ́ ní inú òun kọ́kọ́ dùn sí bàbá yìí, òun rò pé ọ̀rẹ́ ilé ìwé Àgbàdo ni, títí ó fi pe Fèyí ní orúkọ tí ọmọ náà sọ pé òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun bi Fèyí bóyá ó mọ̀ ọ́n, Fèyí kàn tẹrí ba ni.

"Ẹ gbọ́ ná," Bàbá Kúnlé ní. "Òyìnbó wo ló mọ oríkì? Ọmọ Yàhúù ni. Ó ti ń ṣọ́ ilé ọmọ yẹn."

Ẹnì kan ní ajínigbé ni. Bàbá Kúnlé sún mọ́ bébà náà, ó ní, kí ni okùn yẹ́lò tó wà létí òyìnbó yìí, tó ní nọ́ńbà lára? Àwọn kan ní oògùn ni. Èmi mọ ohun tó jẹ́. Tépù mi ni, tí mo máa ń fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Mo fi ọwọ́ bo ọrùn mi díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ funfun Aládùúrà, tó wá nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀, wo bébà náà, ó wá wo ọrùn mi. Ó rọra ní, "Ẹni yìí ò jìnnà sí wa o." Wọ́n ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Mo gbìyànjú díẹ̀. Mo ní bóyá ẹni rere ni, ṣé ó ti sọ ohun tí kò dáa? Gbogbo wọn wò mí bíi pé orí mi ti yí. Ọ̀gá àgbà ní òun ò fẹ́ ẹjọ́, òun ò fẹ́ ìgbìmọ̀ mọ́ pàápàá. Ó ní kí Mísì Rónkẹ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, kó pa búlọ́ọ̀gù náà rẹ́ báyìí-báyìí lójú gbogbo òbí, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mísì Rónkẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà.

Mo wo fèrèsé. Àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé òbí wọn wá pọ̀ síbẹ̀, Fèyí wà láàárín wọn. Kò wo kọ̀ǹpútà. Èmi ló ń wò. Mo rí ojú ọjọ́ Ajé yẹn, ojú ẹni tó ń dá abọ́ òfìfo padà.

Mo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró. Èmi ni Mísítà Wílísìn."

Wọn ò gbà mí gbọ́. Ọ̀gá àgbà ní, "Ìyá Fèyí, ẹ jókòó, ó ti rẹ̀ yín." Bàbá Kúnlé ní ìyá ni yóò fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ̀ rù kí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ má baà parẹ́. Ẹnì kan bu omi wá fún mi. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n túbọ̀ ń kẹ́dùn. Ìgbà tí mi ò rí ọ̀nà mìíràn, mo yọ tépù lọ́rùn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òyìnbó náà. Mo sì mú ìwé ọmọléèwé mi jáde látinú báàgì.

Bàbá Kúnlé gbà á, ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, déètì, aago, àti àwọn ohun tí mo kọ sẹ́bàá ìwé fún ara mi: pé kí n má lo ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, pé kí n rántí pé ọkùnrin ni mí. Ó dé ibì kan, ó dúró. Ó bọ́ awò ojú.

"Ẹ̀yin lẹ bi Kúnlé ní ofusáìdì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Ọmọ tí kò lè kọ lẹ́tà ìlà mẹ́ta sí bàbá ẹ̀," ó ní. "Ojú ewé méjì. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e kọ́ pálọ̀." Ó wo ọ̀gá àgbà. "Sà, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ jàre."

Ibẹ̀ ni ìyá Aládùúrà ti bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ran gbogbo kíláàsì. Mísì Rónkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà parí, ó wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Mà, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù pé àjèjì máa ṣe fún Fèyí, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ fi ojú ẹlòmíràn bá ọmọ ọlọ́mọ mọ́kàndínlógún sọ̀rọ̀." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n fẹnu kò pé búlọ́ọ̀gù náà yóò dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí Mísì Rónkẹ́ bá mọ̀ lójúkojú nìkan ló lè wọlé. Èmi yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ, èmi náà yóò sì kọ ìtàn kan síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, pẹ̀lú orúkọ mi, lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, mo ní kí Fèyí má bínú.

"Mo ti mọ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́, Mọ́mì."

"Báwo?"

"Abẹ́ kàlẹ́ńdà yẹn náà ni mò ń jókòó sí."

Mo dúró lójú títì. Èmi tí mo mọ ìyàtọ̀ láàárín ínṣì méjì àti ínṣì méjì ààbọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ẹ ò ní kọ ọ́ mọ́. Ẹ ò sì bi mí ní nǹkan kan rí tẹ́lẹ̀, àfi aago tí mo dé."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, mo sì ti wọ̀n ọ́n dáadáa. Mo ti ń ṣọ́ ọmọ mi fún ọdún mẹ́tàlá, ṣùgbọ́n òyìnbó ara ògiri ló kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè gidi. Ojú tó ń ṣọ́ ọmọ kì í ṣe ojú tó ń rí i, bó ti wù kó lajú tó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kọ ìtàn mi. Ìlà mẹ́sàn-án, nípa búláòsì alápá òsì méjì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní Sátidé, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ kan dé láti ọ̀dọ̀ Mísítà Tọ́másì, ọkùnrin tó dé fìlà, tó wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù. Ó ní òun fẹ́ràn ìtàn náà gan-an, ṣé ẹni tó ni aṣọ náà ti rí apá ọ̀tún? Ó wá fi parí rẹ̀: Àbẹ̀ní. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, tí Fèyí bá wà nítòsí.

Mo gbójú sókè. Ẹnì kan ti ṣí kàlẹ́ńdà mi sí ojú ewé kejì. Fèyí jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó gbé ìwé bojú, ìwé náà sì ń gbọ̀n.

Ó yẹ kí n lọ fẹjọ́ sun Mísì Rónkẹ́, pé ọmọ tó mọ̀ lójúkojú ti pààrọ̀ orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí òwú fi já lẹ́nu abẹ́rẹ́ mi, mo wá mú ìwé ọmọléèwé mi, mo kọ déètì, mo kọ aago, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá èsì tí màá fún Mísítà Tọ́másì. Ẹ sì jọ̀ọ́, títí di òní, kò sẹ́ni tó yọ mí nípò alága.